Fún bàbá ọmọ nọ́ńbà 38

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lẹ gbé lẹ́tà bàbá kan jáde, tó kọ̀wé láti Ìṣẹ́yìn nípa ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó wá díje ṣẹ́ẹ̀sì n'Íbàdàn. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, mo gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo fi sábẹ́ gíláàsì orí tábìlì mi. Bàbá náà ní àwọn tó ṣètò ìdíje ti mọ ẹni tí yóò gbé ife lọ kí àwọn ọmọ tó jókòó rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọmọ òun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, lọ ko ọmọkùnrin kan tó ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì láti ọdún mẹ́rin. Ó ní nígbà tó di ìpele kẹta, wọ́n ní kí ọmọ òun lọ jókòó, pé kò sẹ́ni tí yóò bá a ta. Nígbà tí òun wá lọ bi adájọ́ ìdíje léèrè, ohun kan ṣoṣo tó rí sọ ni pé, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Gbólóhùn yẹn ló lé mi dé ìdí bírò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lé lógún ọdún níbi tí mo ti ń ṣe adájọ́ ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì fáwọn ọmọ iléèwé, lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi. Mi ò sí níbi ìdíje tí bàbá náà ń sọ, mi ò sì bá àwọn tó ṣètò rẹ̀ tan. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé èsì gbogbo ìpele sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i, mo mú ìwé àti bírò, mo sì fọwọ́ ara mi tún péárìn náà ṣe láti ìpele kìíní títí dé ìkẹfà. Péárìn ni àwa tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ń pe ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń sọ ẹni tí yóò bá ẹni ta, orí tábìlì wo, ta ni yóò mú ọmọ funfun, ta ni yóò mú dúdú. Ohun tí mo kọ àti ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bára mu délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yan ọmọ yín jẹ, bàbá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Mo tún fẹ́ sọ ibi tí ẹ̀bi wà, torí pé ẹ̀bi wà níbẹ̀.

Níwájú ilé bàbá mi, lábẹ́ igi ọdán, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń ṣe péárìn. Ọ̀ta á jókòó, ẹni tó bá rò pé òun tó o á jókòó kò ó. Tí wọ́n bá na ẹni náà, á dìde, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀. Ọ̀pẹ tó bá lọ jókòó síwájú ọ̀ta, àwọn èrò ìwòran á fi orin lé e dìde. Eré yẹn dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ lè dúró níbẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má fọwọ́ kan ọmọ ayò. Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó wọ mọ́tò láti Ṣakí ní ìdájí, tí ìyá rẹ̀ di oúnjẹ sínú kúlà fún.

Àwọn ọmọ 41 ló wá síbi ìdíje yẹn. Tí a bá ní kí gbogbo wọn bá gbogbo wọn ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ta 40, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 820. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n sì ní. Tí a bá sì ní kí ẹni tí wọ́n bá na máa lọ sílé, bí ìdíje ife bọ́ọ̀lù, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà á ti wà ní gáréèjì kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà kẹta ni ayé fi ń ṣe é. Ní ìlú Zürich, ní Swítsálándì, lọ́dún 1895, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Julius Müller ti lò ó níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ètò Swíìsì títí dòní. Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Gbogbo ọmọ ló ń ta láti ìpele àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, ẹni tí máàkì tìrẹ àti tiẹ̀ bá dọ́gba, tàbí tó súnmọ́ra, ni wọ́n á wá fún ọ, o ò sì ní pàdé ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá na ẹnìkejì gba máàkì 1, ọ̀mì jẹ́ ìdajì, ẹni tí wọ́n na kò gba nǹkan kan. Nígbà tí ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tí orílẹ̀-èdè fi ń kojú orílẹ̀-èdè dé Haifa lọ́dún 1976, ètò yìí ni wọ́n gbé lé e, kò sì tíì kúrò lórí rẹ̀.

Ìpele mẹ́fà ni wọ́n ta, ìyẹn náà nídìí. Ẹ mú 41, kí ẹ máa pín in sí méjì. Ẹ ò ní pín in ju ìgbà mẹ́fà lọ kó tó ku ẹnì kan ṣoṣo tí wọn ò tíì nà. Mẹ́fà tó fún ọmọ 64 pàápàá.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ ọmọ yín.

Kí ìpele kìíní tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á to gbogbo àwọn ọmọ láti orí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù sórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Rétíǹgì ni wọ́n fi ń tò wọ́n, ìyẹn nọ́ńbà tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí èèyàn bá ṣe ń nani tí wọ́n sì ń nà án. Ọ̀jọ̀gbọ́n Arpad Elo, tí wọ́n bí ní Hungary tó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò rẹ̀, àjọ FIDE tó ń ṣàkóso ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé sì gbà á wọlé lọ́dún 1970. Ọmọ tí kò tíì ní rétíǹgì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án ni kò ní rétíǹgì níbẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi tò wọ́n láàárín ara wọn. Bí ọmọ yín ṣe di nọ́ńbà 38 nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnì kan wo ojú rẹ̀ kó tó fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́tà tí orúkọ bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dá ìwé orúkọ náà sí méjì. Nọ́ńbà 1 sí 20 wà lókè, 21 sí 40 wà nísàlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ olórí òkè á bá olórí ìsàlẹ̀ ta: 1 pẹ̀lú 21, 2 pẹ̀lú 22, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 20 pẹ̀lú 40. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 38. 18 ló kù. Ọmọkùnrin tí ẹ rí yẹn, nọ́ńbà 18 ni. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ yín dá ẹnì kan lọ́lá, ẹni tó gbé ife lọ́dún tó kọjá ni wọn ìbá fà á fún, ẹni yẹn sì ni nọ́ńbà 1. Nọ́ńbà 21 ló bá a ta, ọmọ kan tóun náà ní rétíǹgì.

Ní ti ẹni tó mú funfun, ohun tí a ń ṣe ni pé a ó mú ọmọ funfun kan àti dúdú kan, a ó dì wọ́n sínú ọwọ́ méjèèjì, a ó ní kí ọmọ kan mú ọwọ́ kan. Ohun tó bá bá nínú ọwọ́ ni nọ́ńbà 1 yóò mú. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀: tí 1 bá mú funfun, 2 á mú dúdú, 3 á mú funfun. Àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, gbogbo wọn ló máa ń nawọ́ pé káwọn mú un.

Mo mọ ìbéèrè tí ẹ máa bi mi, torí pé gbogbo òbí ló ń bi í: kí ló dé tí a ò ní jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bá ara wọn ta lákọ̀ọ́kọ́? Ìdí ni pé ìpele mẹ́fà kéré. Tí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù bá ti na ara wọn ní ìpele kìíní, ìdajì wọn á ti ní òdo láti àárọ̀, ìdajì àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á sì ti ní 1, ìpele mẹ́fà ò sì ní tó mọ́ láti tú u. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé kò le fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó le. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe kó ọmọ praímárì àti ọmọ girama pọ̀ sínú ìdíje kan ṣoṣo. Kí wọ́n pín wọn bí ọjọ́ orí, gbọ̀ngán kan náà, kí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ má baà jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Owó ife méjì ni wọ́n sábà máa ń rò, wọn kì í ro omijé.

Láti ìpele kejì lọ, máàkì ló ń pàṣẹ. Wọ́n á kó àwọn tó ní 1 síbì kan, àwọn tó ní ìdajì síbì kan, àwọn tó ní òdo síbì kan, wọ́n á sì dá agbo kọ̀ọ̀kan sí méjì bíi ti àkọ́kọ́. Tí agbo kan ò bá pé méjì-méjì, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ sí agbo tó tẹ̀ lé e. Tí ẹni tó kàn ọ́ bá jẹ́ ẹni tí o ti bá ta rí, wọ́n á sún un, wọ́n á mú ẹni tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á tún wo funfun àti dúdú. Ẹ kọ̀wé pé ọmọ yín mú dúdú nípele karùn-ún, ó tún mú dúdú ní ìkẹfà. Òótọ́ ni, mo rí i. Òfin gbà á lẹ́ẹ̀mejì léra. Ìkẹta léra ni kò gbà. Iye ìgbà tí ọmọ mú dúdú kò sì gbọ́dọ̀ fi ju méjì lọ pọ̀ ju iye ìgbà tó mú funfun lọ.

Ìpele kẹta ló dùn yín jù, ó sì yẹ kó dùn yín, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ohun tó jẹ́. Báì là ń pè é. Ọmọ 41 ò ṣeé pín sí méjì. Ní gbogbo ìpele, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, ẹni tó bá sì ṣẹ́kù, wọ́n á fún un ní máàkì 1 odindi bí ẹni pé ó na èèyàn. Inú agbo tí máàkì rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ti ń wá a, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ jù níbẹ̀ ló ń kàn, ẹni tó bá sì ti gbà á kò tún ní gbà á mọ́. Nọ́ńbà 41 ló gbà á nípele kìíní. Nọ́ńbà 40 gbà á nípele kejì. Nọ́ńbà 39 ti na ẹnì kan nígbà yẹn, ó ti kúrò nínú agbo òdo. Nígbà tó di ìpele kẹta, nínú gbogbo àwọn tó ṣì ní òdo, ọmọ yín ló kàn. Ẹ ní ó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún odindi wákàtí kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo kà á. Adájọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tọ ọmọ náà lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á sọ fún un pé, "Ìwọ kọ́ ni wọ́n lé. O ti gba máàkì kan, lọ jẹun, a máa pè ọ́ tó bá yá." Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ṣe. Ó na ẹnì kan nípele kẹrin. Wọ́n nà án nípele karùn-ún. Ó tún na ẹnì kan nípele kẹfà, pẹ̀lú dúdú. Máàkì 3 ló gbé lọ sílé nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ò mẹ́nu kàn án nínú lẹ́tà yín, inú ló ń bí yín, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi gan-an nígbà tí mo rí i.

Ẹ tún béèrè ìdí tí ọmọ kan tóun náà ní 3 fi wà lókè ọmọ yín lórí ìwé èsì. Buchholz nìyẹn, orúkọ ará Jámánì kan tó ronú rẹ̀ jáde. Tí máàkì bá dọ́gba, wọ́n á ro máàkì gbogbo àwọn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ta pọ̀, ẹni tó bá bá àwọn alágbára ta ni àpapọ̀ tiẹ̀ á pọ̀ jù. Tọmọ yín kéré sí tọmọ kejì. Ibi kan nìyẹn tí báì ti ń dunni lóòótọ́, torí pé kò sí èèyàn gidi lórí àga kejì tí a lè ka máàkì rẹ̀ fún un bó ṣe yẹ.

Àlàyé mi nìyẹn lórí péárìn. Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi pé ẹ fura. Àwọn tó ju gbogbo wa lọ ti fura rí, ọwọ́ wọn sì tẹ nǹkan. Lọ́dún 1962, ní erékùṣù Curaçao, èèyàn mẹ́jọ ló ń du ẹni tí yóò kojú àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń di ipò ayé mú. Ètò rẹ̀ ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ta lẹ́ẹ̀mẹrin. Márùn-ún nínú wọn wá láti Soviet. Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún náà, Petrosian, Keres àti Geller, ta méjìlá láàárín ara wọn, méjèèjìlá ló sì parí sí ọ̀mì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Wọ́n ń sinmi lára ara wọn, wọ́n ń fi agbára pamọ́ de àwọn yòókù. Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ogún ọdún, padà délé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ wọn pé wọ́n dìtẹ̀. Wọn ò dá a lóhùn pé bí péárìn ṣe wà nìyẹn. FIDE yí ètò náà padà: láti ọdún 1965, èèyàn méjì-méjì ló ń kojú ara wọn, ẹni tí wọ́n bá borí á lọ sílé. Lóde òní, tí wọ́n bá tún ṣe irú ìdíje yẹn ní gbogbo-bá-gbogbo, àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kó pàdé, kí ẹnì kan má baà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ará ìlú rẹ̀ na òun ní ìpele ìkẹyìn. Ní Toronto lọ́dún 2024, ní ìpele kìíní gan-an, Nakamura bá Caruana ta, Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì. Gukesh bá Vidit ta, Íńdíà làwọn méjèèjì. Ìfura àwọn èèyàn ló bí òfin yẹn.

Mo ní nǹkan kan láti sọ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí yàtọ̀ sí ìyàwó mi.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọwọ́ wa, káàdì la fi ń ṣe péárìn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlà ìpele kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bá ta, àwọ̀ tó mú, èsì. A ó to káàdì náà sórí tábìlì gígùn, agbo-agbo, ìdajì òkè á dojú kọ ìdajì ìsàlẹ̀, ojú ẹni á sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2004, mo ṣe adájọ́ ìdíje kan báyìí, ọmọ 32, ìpele márùn-ún. Lẹ́yìn ìpele kẹta, ọmọ mẹ́rin ló ní máàkì 3: nọ́ńbà 2, 3, 8 àti 9. Ẹ dá wọn sí méjì: 2 á bá 8 ta, 3 á bá 9. Kò sẹ́ni tó ti bá ẹnì kan ta rí nínú wọn, àwọ̀ kò sì dí ohunkóhun lọ́wọ́.

Nọ́ńbà 8 ni ọmọ ẹni tó ra ife, tó tún ra ìrẹsì ọ̀sán. Nọ́ńbà 2 sì ti nà án níta láìmọye ìgbà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ìdíje wá bá mi nídìí tábìlì, ó dúró, ó fọwọ́ lé èjìká mi. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ bá wa pààrọ̀ àwọn káàdì méjì yẹn. Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára." Ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ọwọ́ nínú ìdíje náà. Mo pààrọ̀ káàdì méjì. 2 bọ́ sọ́wọ́ 9, 3 bọ́ sọ́wọ́ 8.

Nọ́ńbà 9 jẹ́ ọmọbìnrin kan tó wà ní JSS3 nílé ìwé ìjọba. Ó ti na nọ́ńbà 1 nípele kejì, ó ti na nọ́ńbà 5 nípele kẹta. Nígbà tí mo lẹ péárìn mọ́ ògiri, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì wá bá mi, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa mẹ́rin la ní mẹ́ta-mẹ́ta. Tí a bá dá wa sí méjì, 3 ló kàn mí. Ṣé ibì kan wà tí mo ti ṣì í rò ni?"

Èmi ni mo kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìṣirò. Ìdáhùn rẹ̀ pé. Mo ní, "Lọ jókòó. Bí péárìn ṣe wà nìyẹn." Ó dìde, ó lọ jókòó, nọ́ńbà 2 sì nà án. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo wo ìwé orúkọ láti òkè délẹ̀, mi ò rí orúkọ rẹ̀. Ọdún kejì, mi ò rí i. Mi ò tún rí i mọ́ nídìí ṣẹ́ẹ̀sì.

Nínú òfin FIDE lórí ètò Swíìsì, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní kí òfin péárìn hàn kedere débi tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ yóò fi lè ṣàlàyé rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ńṣe ni mo pa ìwé náà dé. Òfin kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ pé péárìn tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣeé yí padà, àfi tó bá ta ko òfin péárìn fúnra rẹ̀, bíi kí àwọn méjì tó ti bá ara wọn ta tún pàdé. Kò sí ibi kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ra ife.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ káàdì lọ́wọ́ wa báyìí, inú mi sì dùn sí i. Kò mọ ọmọ ta ni ọmọ ta, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ lé e léjìká. Ṣùgbọ́n àwa adájọ́ ti sọ ọ́ di ibi ìsádi. "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é" àti "Bí péárìn ṣe wà nìyẹn", ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jẹ́ létí ọmọ tó ń béèrè. Ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ àti ẹni tó ti pààrọ̀ káàdì, bákan náà ni wọ́n á dáhùn, òbí ò sì ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tó ṣe yín nìyẹn, bàbá. Wọ́n ṣe péárìn tó dára, wọ́n sì dá yín lóhùn bí ẹni tó jalè.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje ọmọdé kiri ìpínlẹ̀ wa, pàápàá báyìí tí àwọn ọmọ ń rọ́ wá látìgbà tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní New York lóṣù kẹrin ọdún 2024. Kí ìpele kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lẹ ìwé orúkọ mọ́ ògiri pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní Yorùbá: bí a ṣe ń dá orúkọ sí méjì, ohun tí báì jẹ́, bí a ṣe ń ro Buchholz. Àwọn òbí tó ń pín èlé àjọ láìsí ìwé lọ́wọ́ ò lè kùnà láti mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ bá sì wá bi adájọ́ léèrè, kí adájọ́ mú bírò, kó ṣe é lójú rẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, kó lọ kọ́ ọ kó tó tún jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá kọ́ àwọn adájọ́ òun, mo wà ní Mọ́níyà, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Màá gbé káàdì mi dání, torí pé ojú ń tètè rí i lórí káàdì ju orí kọ̀ǹpútà lọ.

Bàbá ọmọ nọ́ńbà 38, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú ọmọ náà kúrò nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Èsì ìdíje yẹn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ èsì ìpele kìíní sórí ìwé fún un, ẹ fún un ní pẹ́ńsù, kí ó fúnra rẹ̀ ṣe péárìn ìpele kejì kó tó wo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Tí ibì kan bá yàtọ̀ síra, ẹ jẹ́ kó kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Màá dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.